Àtúnṣe: McCulloch mọ afárá tó rà
Wọ́n tún ti ń pín in kiri pé ará Amẹ́ríkà tó ra Afárá Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1968 rò pé Tower Bridge, afárá mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, lòun rà. Irọ́ ni. Robert McCulloch tó rà á fúnra rẹ̀ sẹ́ ẹ, Ivan Luckin tó ṣètò títà á náà sì sẹ́ ẹ. Dọ́là 2,460,000 tó fi rà á kì í ṣe owó àkàrà! Ìlú tuntun Lake Havasu City tó ń tẹ̀ dó ní aṣálẹ̀ Arizona, létí adágún tí ìsédò Parker dá sílẹ̀, ló fẹ́ fi afárá náà fa èèyàn wá sí. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára òkúta ara afárá náà, wọ́n kó wọn kọjá òkun, wọ́n fi bo ara afárá kọnkéré tuntun. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbẹ́ ipa omi gba abẹ́ rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí i.