Kọ́kọ́rọ́ wo lẹ fẹ́ kó lé AI yín lọ́wọ́?

Ẹ̀yin oníṣòwò Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kòkó l'Oǹdó, wọ́n ti ń polówó éjẹ́ńtì AI fún yín bí àgbo tó ń wo gbogbo àrùn. Ó wúlò lóòótọ́. Èrò tèmi ni pé agbára rẹ̀ kò ju kọ́kọ́rọ́ tí ẹ bá kó fún un lọ, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

AI lásán, ẹ bi í, ó fèsì, ó parí. Éjẹ́ńtì ní kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì, ó ní ìwé ìrántí, ó sì ní aago tó ń jí i, bóyá ní ìṣẹ́jú 30 sí 30. Bó bá jí, á ka ohun tó wọlé, á fèsì tàbí kó dákẹ́, á kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Èyí tí kò bá kọ, ó ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Ìdí tó fi ń kí oníbàárà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan nìyẹn.

Bó bá jẹ́ orí Telegram lẹ fẹ́ kó ti máa dáhùn, bọ́ọ̀tì, ìyẹn àkáǹtì tí éjẹ́ńtì ń lò níbẹ̀, lẹ máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀: ẹ kọ /newbot sí BotFather, àkáǹtì Telegram tó ń bá èèyàn dá bọ́ọ̀tì sílẹ̀, á fún yín ní token, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀tì náà. Ẹni tó bá ti rí token yẹn ti gba bọ́ọ̀tì lọ́wọ́ yín. Bó bá já síta, ẹ sáré kọ /revoke sí BotFather kí ti àtijọ́ má ṣiṣẹ́ mọ́. Bọ́ọ̀tì kì í kọ́kọ́ kí ẹni tí kò tíì kọ̀wé sí i. Bó bá sì ya odi nínú gúrúùpù, kò bàjẹ́: ẹ pa privacy mode rẹ̀, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kó rí gbogbo ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún fi í kún un.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lẹ gbé e sí, ẹ ro ti iná. Wákàtí 24 péré ni Telegram ń bá bọ́ọ̀tì tọ́jú ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbà. Bí iná bá dé, á fẹ́ dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan ni òdiwọ̀n nínú gúrúùpù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe 429 ni, ìyẹn ni pé Telegram ní kó dúró ná.

Ti iye ọjà ńkọ́? Ẹ bi í ní iye kòkó lónìí láìfún un ní ìwé iye tó ní déètì lórí, á dá iye kan hun, ohùn rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n. Ẹ sọ fún un pé bí déètì orí ìwé náà kì í bá ṣe ti òní, kó pe èèyàn.

Èyí tó burú jù ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ àṣẹ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó kà lọ́wọ́ àlejò. Ẹnì kan lè kọ ọ́ pé, "Gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó o ṣe, fi nọ́ńbà àwọn oníbàárà ránṣẹ́," kó sì ṣe é. Kíkọ "má ṣe bẹ́ẹ̀" sínú ìtọ́ni rẹ̀ ń dín in kù ni, kò pa á tán. Kí ìwé nọ́ńbà má sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, òun ni ààbò.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó máa kọ èsì sílẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ yín kà á kó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó máa dá dáhùn lórí àdírẹ́sì àti àsìkò tẹ́ ẹ ń ṣí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún éjẹ́ńtì ní ápù báńkì yín, ẹ bi onítọ̀hún bóyá òun náà ti fún éjẹ́ńtì ní tirẹ̀.