Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Fọwọ́ Ara Wọn Ṣe Àyẹ̀wò Bàọ́lọ́jì

Bí ìdánwò WAEC bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Wọ́n ń wá alángbá, wọ́n ń wá ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n ń wá aáyán, àgbàdo tútù àti egungun apá ẹran. Ọmọ tó ti ń ka bàọ́lọ́jì láti SS1 yóò wá rí nǹkan wọ̀nyí lórí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn yóò ní kó yà á, kó sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, práátíkà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ọn mọ́.

Ohun tí a ń béèrè fún kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ SS1 àti SS2 máa gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ fúnra wọn ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ronú ọ̀nà tí wọn yóò gbà wádìí rẹ̀, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Kó jẹ́ ìbéèrè tí kíláàsì kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé a ń sọ àsọdùn, kó gba ìwé práátíkà ọmọ mẹ́wàá nínú kíláàsì kan náà, kó tò wọ́n sílẹ̀. Yóò rí i pé nínú gbogbo wọn, wọ́n se ewé, wọ́n kán áyódíìnì, oògùn tí a fi ń wá sítáàṣì nínú ewé, sí i, ewé náà sì dúdú bí aró. Ọ̀rọ̀ kan náà, àwòrán kan náà, títí dé orí sípẹ́lì tí gbogbo wọn jọ ṣì. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣí ìgò áyódíìnì ní kíláàsì náà. Inú ìwé ọmọ tó ti jáde lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti dà á kọ, olùkọ́ sì fi bírò pupa sàmì sí i pé ó dára. Ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni pé èsì jẹ́ ohun tí à ń dà kọ. Ọmọ tó bá kọ́ ìyẹn lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún yóò mú un lọ sí yunifásítì, yóò mú un dé ilé ìwòsàn tó bá ti ń ṣiṣẹ́.

Kò sí télọ̀ kan ní àdúgbò Tàkíé tí yóò máa ka aṣọ rírán sétí ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láì jẹ́ kó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. WAEC pàápàá mọ èyí: nínú máàkì 200 tó wà fún bàọ́lọ́jì, 80 ló wà fún práátíkà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀wà. Gbogbo ìyá tó ń tẹ̀wà l'Ọ́jà Jagun ló mọ̀ pé kòkòrò ni ọ̀tá òun. Àwọn kan ní ata gbígbẹ ló ń lé e, àwọn mìíràn ní eérú ni. Ta ló tọ̀nà? Ìbéèrè tó yẹ ọmọ SS2 nìyẹn. Kó wá ìgò olómi tó ti ṣófo. Kó ṣa ẹ̀wà tí kò ní ihò, ọgọ́rùn-ún sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ inú àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Kó bu ṣíbí ata lílọ kan sí àwọn kan, kó bu ṣíbí eérú kan sí àwọn mìíràn, kó má fi ohunkóhun sí àwọn tó kù. Ìgò tí kò fi nǹkan sí yìí ni ìgò àfiwé. Kó wá kó kòkòrò mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu wọn, kó gbé gbogbo wọn sí ojú kan. Ìgò mẹ́ta mẹ́ta ni kó ṣe fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí èèṣì má baà tan án jẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bó bá ṣí ìgò ata, yóò bá òkú kòkòrò. Inú rẹ̀ yóò dùn, yóò fẹ́ kọ ọ́ pé ata ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kó yẹ ìgò àfiwé wò kó tó gbé bírò: wọ́n ti kú síbẹ̀ náà. Kòkòrò ẹ̀wà tó ti dàgbà kì í jẹ ẹ̀wà, ayé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹyin ló ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà. Ìdin tó bá jáde nínú ẹyin náà ló ń lu inú ẹ̀wà wọlé, tó ń jẹun níbẹ̀, ihò tí a sì ń rí jẹ́ ojú ọ̀nà tí kòkòrò tuntun gbà jáde. Nínú ooru tiwa níbí, láti ìgbà tó bá yé ẹyin títí kòkòrò tuntun yóò fi jáde ń tó bí oṣù kan. Nítorí náà, kí ọmọ wa ní sùúrù títí oṣù kan yóò fi pé, kó wá ka ẹ̀wà tó ti ní ihò nínú ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ tí orí rẹ̀ pé yóò tún béèrè pé: bí ìdin bá ti wà nínú ẹ̀wà yìí kí n tó rà á ńkọ́? Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ wa nínú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kó ní ìgò mìíràn tó kó ẹ̀wà sí láì kó kòkòrò kankan sí i. Kò sí ohun tí olùkọ́ lè kọ sójú pátákó tó lè mú ọmọ ronú dé ibẹ̀ bíi kó jẹ́ pé ìgò wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe eré ọmọdé. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kéékèèké lọ́jà, oògùn tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà láti pa kòkòrò. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bí a ti ń wádìí ohun mìíràn tó lè ṣiṣẹ́ ni yóò rí ọ̀nà gbé e gbà. (Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì rárá, kí àwọn ọmọ sì fi aṣọ bo imú bí wọ́n bá ń bu ata.)

Wọn yóò ní kò sí láàbù. Òótọ́ ni, ìjọba kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ wa ṣe àwáwí láti má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1668, ẹran, ìgò àti aṣọ ni Francesco Redi ará Ítálì fi hàn pé ẹran jíjẹrà kì í dá ìdin bí, pé ẹyin eṣinṣin ni ìdin ti ń wá. Wọn yóò ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì. Kí ọmọ mẹ́fà mẹ́fà jọ ṣe é.

Àwọn ọmọ kan kì í dákẹ́ nítorí pé wọn kò ní èrò, Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn lórí àyẹ̀wò wọn kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì sì wà lára rẹ̀.

A kò di ẹ̀bi ru olùkọ́. Wọn kì í fún wọn lówó ìgò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fún wọn lákòókò, ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ ni aláyẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá sí ilé ẹ̀kọ́ sì máa ń béèrè bó bá dé. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti TESCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ni kó yí ìyẹn padà. Kí aláyẹ̀wò tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n kó ìwé àyẹ̀wò àwọn ọmọ jáde, kó sì bi ọmọ kan léèrè ìdí tó fi ní ìgò àfiwé. Yunifásítì LAUTECH náà wà láàárín wa. Láti 2020 tó ti di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan, kò yẹ kó ṣòro fún ìjọba láti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka bàọ́lọ́jì níbẹ̀ máa lọ bá àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú yìí ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù.

Lórí ọ̀rọ̀ máàkì, ibẹ̀ ni kí iléeṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí àyẹ̀wò yìí ní máàkì tirẹ̀ nínú èyí tí olùkọ́ ń gbà sílẹ̀ ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kó sì wà nínú ìwé àṣẹ pé ọmọ tí ẹ̀wà rẹ̀ hu olú, tàbí tí kòkòrò rẹ̀ sá lọ, tó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ohun tó rò pé ó fà á, yóò gba máàkì ju ọmọ tí èsì rẹ̀ dán tí kò sì lè sọ bó ṣe rí i.