Abẹ́rẹ́ Wà Lórí Òdo, Sikéèlì Ṣì Ń Parọ́

Ẹni tó bá ní sikéèlì onísípírìǹgì nílé, irú èyí tí kì í lo bátìrì, á ti gbọ́ ọ rí: "Ṣáà ti rí i pé abẹ́rẹ́ wà lórí òdo kó o tó gùn ún. Ohunkóhun tó bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, òótọ́ ni." Èmi náà gbà á gbọ́ títí di oṣù tó kọjá, nílé wa ní Ṣómólú.

Ìyá Ìbejì ló fà á, àwọn tó ń ta omi àti mínírà níwájú ilé. Wọ́n gun tèmi, ó sọ kílò 81, inú wọn dùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gun ti ọkùnrin kan tó ń fi sikéèlì gbowó lẹ́bàá ọ̀nà ní Ojúẹlẹ́gbà. 86!

"Bàbá Tòbí, ẹ wá gbọ́ nípa olè!"

Èmi náà bá wọn bú u. Ó ṣe tán, mo fojú ara mi rí i pé òdo ni tèmi wà.

Ohun tí mi ò rò ni pé òdo ò sọ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dúró lórí ẹ̀. Lábẹ́ ibi tá à ń tẹ̀ yẹn, àwọn irin gbọọrọ kan ló ń gbé ẹrù ara wa lọ fún sípírìǹgì. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, nínà sípírìǹgì náà á di ìlọ́po méjì. Robert Hooke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde láti 1678. Róbótó kékeré tá a fi ń yí i sí òdo, ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń gbéra nìkan ló ń sún. Kò mọ bí sípírìǹgì ṣe le tó. Tó bá wá le ju bó ṣe yẹ lọ, òdo á pé, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i ni irọ́ náà á máa ga sí i.

Mo ya páàkì omi mẹ́ta lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì fúnra wọn. Ìgò ike 12 ló wà nínú páàkì kan, lítà kan àtààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà páàkì kan ò gbọdọ̀ dín ní 18, ká má tíì ka ike mọ́ ọn. Mo gbé sikéèlì sórí táìsì, mo yí i sí òdo. Páàkì kan: 17. Páàkì mẹ́ta: 51. Omi nìkan ti jẹ́ 54! (Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fọwọ́ di tòkè mú kó má baà ṣubú. Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò, torí ọwọ́ tó bá kan ẹrù ti dá sí i nìyẹn.) Mo sọ omi kalẹ̀, mo tún wo abẹ́rẹ́. Ó padà sórí òdo gẹ́gẹ́.

Ọkùnrin Ojúẹlẹ́gbà ò jalè o.

Ẹ má ṣe dán irú èyí wò lórí rọ́ọ̀gì. Ìdí sikéèlì máa ń tẹ̀ díẹ̀ tá a bá gùn ún, bó sì ṣe ń tẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí bó ṣe ń tẹ̀ lórí táìsì. Ilé ìwẹ̀ náà kọ́ ni kó máa sùn, torí omi ń mú irin inú rẹ̀ dípẹtà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tèmi ń gbé báyìí.

Ẹnì kan lè ní kí ni kílò kan tàbí méjì já mọ́. Ẹ wo oògùn ibà artemether-lumefantrine, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín in fọ́mọdé. Ti hóró tó ní mílígíráàmù 20 artemether àti 120 lumefantrine (20/120), ọmọ tó wọn kílò 15 sí ohun tí ò tó 25 ń lo méjì lẹ́ẹ̀kan. Láti 25 sí ohun tí ò tó 35, mẹ́ta ni. Ọmọ tó wọn 26, sikéèlì mi á pè é ní 24 àti díẹ̀. Abẹ́rẹ́ á wà lórí òdo, ọmọ á lo oògùn tí ò tó.

Mi ò sọ ọ́ nù ṣá. Bó ṣe parọ́ lánàá náà ló ń parọ́ lónìí, nítorí náà ó ṣì lè sọ fún mi bóyá mò ń sanra tàbí mò ń rù. Mo lẹ tépù mọ́ ọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Tó bá sọ 51, fi 3 kún un." Ìyá Ìbejì kà á, wọ́n fìka ṣírò tiwọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Bàbá Tòbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya tépù yẹn kúrò."