Kì í ṣe gbogbo bàálù ni ọ̀dà rọ̀ lọ́rùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé orí ọ̀dà tàbí kóńkéré nìkan ni bàálù ti lè balẹ̀ láìséwu, pé àìsí owó ló ń gbéni dé orí koríko. Fún àwọn bàálù ńlá tí à ń wọ̀ lónìí, mi ò jiyàn. Fún bàálù àtijọ́, irọ́ ni, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ lè fi fọ́ ohun tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún láyé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kàn án. Táyà ńlá méjì wà níwájú, kékeré kan wà lábẹ́ ìrù, ibi tí ìwúwo rẹ̀ sì pọ̀ sí wà lẹ́yìn táyà iwájú. Ẹ fojú inú wo ọfà tí wọ́n ta tìdí-tìdí: orí irin rẹ̀ á fẹ́ yí padà gba iwájú ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàálù yìí rí. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀ díẹ̀, ọ̀dà á di táyà mú pinpin, ìdí á fò wá síwájú, bàálù á pòyì, ẹsẹ̀ kan á ká, ìyẹ́ á gbálẹ̀. Lórí koríko, táyà á yọ̀ díẹ̀, awakọ̀ á sì ráyè tọ́ ọ sọ́nà.

Tiger Moth, bàálù ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1931, kò tiẹ̀ ní bíréèkì, dípò táyà kékeré, irin kan ló ń wọ́ nílẹ̀ lábẹ́ ìrù rẹ̀. Lórí koríko, irin yẹn ń walẹ̀ bí ọkọ́, ó ń dín eré kù, ó sì ń fa ìdí sẹ́yìn kó má bàa yà. Lórí ọ̀dà, á kàn máa họ ilẹ̀ ràràrà ni, kò ní rí nǹkan dì mú.

Atẹ́gùn náà ńkọ́? Pápá koríko ayé ìgbà náà fẹ̀ yíká, ibi tí atẹ́gùn bá ti ń bọ̀ ni awakọ̀ ń kọjú sí. Ọ̀nà ọlọ́dà kò ju ìhà méjì lọ, atẹ́gùn sì lè máa ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ lu bàálù. Ní pápá bàálù Duxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kóńkéré àti koríko ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ ó rí Spitfire, bàálù ogun àtijọ́, lórí koríko.

Àmọ́ koríko náà ní ewu tirẹ̀. Ẹrẹ̀ lè gbé táyà mì, kí bàálù sì dojú dé. Bí koríko bá tutù, ó máa ń pẹ́ kí bàálù tó dúró: ìmọ̀ràn àjọ ìrìnnà òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí awakọ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kún gígùn ilẹ̀ tó máa nílò láti balẹ̀, bí koríko náà bá sì kúrú gan-an, ó lè tó 60. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi ń fẹsẹ̀ rin pápá láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó gbéra, tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò.