Ta ló máa ka bánà yẹn?

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Oṣù kẹsàn-án ti dé. Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni gbogbo àgbáyé fi ń sọ̀rọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà láti ọdún 1967, bánà sì ti jáde bó ṣe máa ń jáde. Ó wà lára òpó iná ní Kútọ̀, òmíràn wà lọ́nà Sápọ́n: lẹ́tà gàdàgbà, òyìnbó láti òkè délẹ̀, wọ́n ń pe ẹni tí kò mọ̀wé kó wá kọ́wé lọ́fẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ gba fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó lè ka bánà yẹn, kí ló fẹ́ wá ṣe ní kíláàsì yẹn? Ìlú tí ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ti kọ́kọ́ jáde ní 1859 mà rèé o.

Mo ti mọ èsì tó ń bọ̀. Àwọn tó so bánà á ní ọmọ àwọn tí kò mọ̀wé á kà á fún wọn. Ọmọ wo? Èyí tó máa dúró láàárín ọjà, táá wá ké e lójú oníbàárà pé "Màámi, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí"? Ìtìjú ló ń lé àgbàlagbà sẹ́yìn ju owó lọ. Àwọn kan ti fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀: "mi ò mú awò mi dání", "bá mi wò ó, ojú ń dùn mí". Ohun tí èèyàn fi gbogbo ọgbọ́n bò, bánà kọ́ ló máa tú u síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò kíláàsì yìí, gbohùngbohùn tí ẹ gbé sórí mọ́tò náà kò sàn jù ú lọ. Ta ló máa yọ ọwọ́ sókè nígbà tí ẹ bá ń kígbe "ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé"?

Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì FUNAAB, òun ló ń wá ilé ìwé kiri, tó ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú kò wá yín o. Ẹ̀yin lẹ máa wá a lọ.

Ẹ̀yin méjì péré ni kẹ́ ẹ lọ, kó jẹ́ obìnrin bó bá ṣeé ṣe, ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà lẹ ó kọ́kọ́ yà. Òun ló máa pe àwọn olórí ìlà, aláṣọ lọ́tọ̀, aláta lọ́tọ̀, ẹlẹ́pọ lọ́tọ̀. Bó bá lè wá jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa yà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ béèrè orúkọ, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé alábala ogójì. Ẹ má béèrè fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má béèrè ọjọ́ ìbí. Ẹ má ki bírò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì gbé páàdì yíǹkì jáde pé kó tẹ̀ka. Yíǹkì yẹn á wà lára àtàǹpàkò títí di alẹ́, gbogbo ẹni tó bá gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀ á rí i, wọ́n á sì mọ ohun tó jẹ́. (Àfi bó bá jẹ́ aláró tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú látàárọ̀.)

Ohun tí ẹ máa sọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ bá ní "ẹ wá kàwé", á rẹ́rìn-ín, á ní ìwé ti kọjá òun. Ẹ ní "ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àlẹ́ẹ̀tì", ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ń sọ pé owó wọlé tàbí owó jáde. Ẹ ó rí i bó ṣe máa fa àpótí fún yín kẹ́ ẹ jókòó. Kò sí ẹni tí ọmọkùnrin kan kò tíì na fóònù sí lójú rí, "ó ti wọlé, màmá", tó gbé aṣọ lọ, tí owó kò wọlé dòní. Ẹ̀kọ́ kìíní yín nìyẹn: àlẹ́ẹ̀tì tó bá wọ fóònù tìẹ nìkan ni àlẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lójú fóònù oníbàárà, àwòrán ni. Lẹ́yìn náà ni kó mọ ìyàtọ̀ láàárín 5,000 àti 50,000, kó dá Cr (owó wọlé) mọ̀ yàtọ̀ sí Dr (owó jáde), kó mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i. A, B, D lè dúró ná.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá ni ọjọ́ kíláàsì. Wọ́n á kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún kò mọ Ìṣẹ́gun. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ Ẹtì ni òmíràn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ẹ fi ìka ṣírò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, ọjà á bọ́ sí Ìṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan, á bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la, tí wọ́n ń di ẹrù, tí wọ́n ń lu aṣọ, òun náà á bọ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì 8 lẹ ṣètò, 4 ti lọ, ẹ wá ń sọ pé àwọn obìnrin ò fọwọ́ pàtàkì mú ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ kejì ọjà àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ fi sí. Kíláàsì 14 ni láàárín ọjọ́ 28 kan náà. Ẹ yọ Àìkú méjì kúrò, 12 ló kù. Aago kan ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti lé oníbàárà wọlé, lábẹ́ àtíbàbà nínú ọjà gan-an, kì í ṣe nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí orúnkún á ti máa kan tábìlì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹnì kan á sọ pé "orí mi ò gba ìwé". Ẹ má gbà á gbọ́. Ẹni tó ti lé lógójì, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ rí ohun tó wà nítòsí mọ́. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Bó bá ń na ọwọ́ jìnnà kó tó rí ihò abẹ́rẹ́, awò ìkàwé orí àtẹ tí wọ́n kọ +1.50 tàbí +2.00 sí lára ló nílò. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára: ọmọ ló ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kò so bánà mọ́ òpó. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, àwọn obìnrin tó mọ̀wé ló kún ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 làwọn obìnrin ọjà wọlé, ìwé kíkà sì wà lára ohun tó fà wọ́n wọlé. Yorùbá ló ń bá wọn sọ, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ lọ bá wọn. Àwọn obìnrin yẹn ló dìde lòdì sí owó orí, tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Bóyá ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ràn bánà jù nìyẹn.

Ohun kan ló ṣì ń dà mí láàmú nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Ẹni tó wá torí àlẹ́ẹ̀tì, bó bá ti mọ̀ ọ́n kà, ó lè ká ìwé rẹ̀ kó padà sí ìsọ̀. Ká ní orúkọ 25 ló wà nínú rẹ́jísítà lóṣù kìíní, kó ku 9 lóṣù kẹta. Ẹni tó bá wá ṣèbẹ̀wò á ní kíláàsì ti kú. Àwọn 16 yòókù wà lọ́jà, wọ́n ń ka àlẹ́ẹ̀tì wọn fúnra wọn, wọn ò tíì lè ka ojú ìwé kan. Èmi náà ò mọ ohun tó yẹ ká kọ síwájú orúkọ wọn, bóyá wọ́n sá ni, àbí wọ́n ti jáde.