"A ó gbọ́ ọ bó bá ń bọ̀": irọ́ ni o

Ẹ bi àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá rélùwéè l'Óṣogbo pé ṣé ẹ̀rù kì í bà wọ́n, èsì kan náà lẹ ó gbọ́: "Ọkọ̀ ojú irin kì í yọ́ wá. A ó gbọ́ ọ bó bá ń bọ̀." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí mo dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata nítòsí irin. Ẹ̀rọ ń ké, mò ń ka ṣéńjì lọ́wọ́. Ìyá aláta kan ló fà mí láṣọ. Kí n tó yíjú, ọkọ̀ ti sún mọ́ mi débi pé mo rí ojú awakọ̀. Ó ń fọn fèrè o! Mi ò gbọ́.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ọkọ̀ tó ń jó èédú ni; fàkàfìkì rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ̀lú. Dísẹ́ẹ̀lì ni tòde òní ń lò. Ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tán ni ariwo rẹ̀ tó ń kún etí. Ẹ wá fi jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn ọjà kún un, ká tó sọ ti ẹni tó ki yíàpíìsì bọ etí.

Ojú náà ń tanni. Nǹkan ńlá tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán máa ń jọ pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Èyí tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń gba ohun tó lé ní mítà 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Awakọ̀ rẹ̀ kò lè yà fún yín, bẹ́ẹ̀ bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, ó lè rìn tó kìlómítà kan lẹ́yìn tó ti tẹ bíréèkì.

Àwọn kan á ní ẹ̀gbẹ́ irin làwọn jókòó sí. Mìlímítà 1,067 ni àlàfo àárín irin méjèèjì, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó yọ síta lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà níwájú, ẹ má gun irin títí àyè yín á fi ṣí ní òdìkejì. Bí mọ́tò bá kú sórí irin, ẹ fi í sílẹ̀, kí gbogbo èrò bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ kúrò lórí irin, kí ẹ sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ síhà ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ọkàn ò ní fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ni yóò gbá mọ́tò náà sí, ibẹ̀ sì ni àfọ́kù gíláàsì àti irin rẹ̀ á fò lọ.