Àwọn Tó Ń Ṣèwádìí Ìmọ́lẹ̀ Nílò Iná

Lọ́dún 1961, Peter Franken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan, l'Amẹ́ríkà, tan lésà pupa, ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, gba inú òkúta quartz kọjá. Pupa wọlé, pupa jáde, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú èèyàn kò lè rí bá a jáde. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì ló so pọ̀ di ọ̀kan. Àmì bíńtín ló fi sílẹ̀ lórí fọ́tò. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé tí wọ́n kọ nípa ìwádìí náà rò pé ìdọ̀tí ni àmì yẹn, ni wọ́n bá pa á rẹ́. Ìwé jáde, ọfà tó yẹ kó tọ́ka sí àmì náà ń tọ́ka sí òfìfo. (Àwa olóòtú, ojú kì í jẹ́ ká sọ ìtàn yìí sókè.)

Ojú ìdọ̀tí yẹn náà ni àwọn tó ń pín owó ìwádìí nílẹ̀ wa sábà fi ń wo oníṣirò físíìsì, ẹni tó ń fi ìṣirò nìkan ṣèwádìí. Wọ́n á ní kí ló fẹ́ fi hàn. Lọ́dún 1931, Maria Göppert-Mayer, ọmọ Jámánì, fi ìṣirò lásán sọ pé átọ́ọ̀mù lè gbé ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tó ọdún 30, lẹ́yìn tí lésà dé, kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí i.

Okùn gíláàsì tó gba abẹ́ òkun wọ Èkó, irú MainOne tó dé lọ́dún 2010, ló ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé WhatsApp wa. Bí wọ́n bá rọ ìmọ́lẹ̀ jù sínú rẹ̀, gíláàsì á yíwà padà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an á dàrú. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tó yẹ kí wọ́n dá a dúró. Ìṣirò yẹn kò kọjá agbára ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣe é á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Iná lọ ní aago méjì òru, bátìrì inverter kú, gbogbo ohun tí kò tíì fi pamọ́ di òfo.

Àwọn kan á ní ata ti wọ́n jù lọ́jà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni o. Àmọ́ sólà tó máa tó ẹ̀ka físíìsì kan kò tó owó jíìpù kan ṣoṣo tí aláṣẹ ń gùn. Kí ìjọba ya apá kan owó ìwádìí sọ́tọ̀ fún oníṣirò, láìbéèrè ẹ̀rọ tí wọ́n máa gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Kí sólà náà sì kọ́kọ́ dé yàrá kọ̀ǹpútà, kó tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.